Ariwo Tó Kù Nínú Ilé Òòfà

Mo lá àlá kan lóru àná, ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, n ó sì rọ́ ọ kí ẹlẹ́rìndòdò yìí tó tán nínú ife mi. Wọ́n ní àlá tí ajá bá lá, inú ajá ní í gbé. Èmi kì í ṣe ajá. Làsísì, mo ti rí ẹ̀rín tó ń bọ̀ lẹ́nu rẹ, gbé e mì. Ìwọ tó o fi ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ṣọ́ géètì wa, ó yẹ kó o mọ̀ pé ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú àlá yìí kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ̀yìn tì láti ẹ̀ka míìràn, tẹ́ ẹ kò mọ ilé òòfà, ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ là á yé yín. Ilé pákó kékeré kan ni, lórí òkè, lẹ́yìn oko àwọn ará ẹ̀ka iṣẹ́ àgbẹ̀. Kò sí ìṣó irin kan ṣoṣo lára rẹ̀, bàbà ni gbogbo ìṣó tí wọ́n kàn mọ́ ọn. Inú rẹ̀ ni ẹ̀rọ tó ń gbọ́ òòfà ilẹ̀ wà, èyí tí àwa òṣìṣẹ́ ń pè ní Etí. Òòfà tí ilẹ̀ ní kò lágbára, àyípadà tó ń bá a láti òwúrọ̀ dé alẹ́ tún wá kéré ju bẹ́ẹ̀ lọ, síbẹ̀ Etí ń gbọ́ ọ, ó sì ń fi gègé fa ìlà rẹ̀ sórí ìwé. Wàhálà ibẹ̀ ni pé bó ṣe ń gbọ́ ilẹ̀ náà ló ń gbọ́ kọ́kọ́rọ́ inú àpò rẹ, àti aago ọwọ́ rẹ, àti ìdè bẹ́líìtì rẹ, àti ọkọ̀ tó ń lọ jẹ́ẹ́jẹ́ tirẹ̀ ní títì. Gbogbo ìwọ̀nyẹn la ń pè ní ariwo, bó tilẹ̀ jẹ́ pé etí ènìyàn kò gbọ́ nǹkan kan. Iṣẹ́ tí mo fi ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ṣe kò ju kí n máa lé ariwo lọ. Nígbà tí wọ́n bá bi àwọn ọmọ mi ní ilé ìwé pé kí ni iṣẹ́ bàbá wọn, wọn kì í mọ èyí tí wọ́n máa sọ.

Nínú àlá náà, mo wà lẹ́nu iṣẹ́. Ilé òòfà ti kúrò nílẹ̀, ó léfòó sókè oko iṣu, wọ́n sì fi okùn so ó mọ́ igi agbálùmọ̀ kan kí afẹ́fẹ́ má bàa gbé e lọ. Mo rò ó pé wọ́n gbé e sókè kó lè jìnnà sí títì ni. Ó tẹ́ mi lọ́rùn, torí ó pẹ́ tí mo ti ń kọ lẹ́tà nípa títì yẹn. Mo di okùn mú, mo sì gùn ún lọ. Orúnkún mi ọ̀tún tó ń dá mi lóró kò sọ nǹkan kan.

Mo bá Dókítà Kúforíjì nínú ilé, ọ̀gá wa tí gbogbo wa jọ sin òkú rẹ̀ ní ọdún tí afárá odò já. Ó jókòó síbi tó máa ń jókòó sí, ó wọ ṣòkòtò olókùn rẹ̀, torí ọkùnrin yẹn kò wọ bẹ́líìtì rí láyé rẹ̀, kò sì jẹ́ kí wọ́n rán ṣíìpù sí aṣọ rẹ̀. Inú mi dùn débi pé mo fẹ́ dì mọ́ ọn. Kò tilẹ̀ bi mí pé báwo ni mo ṣe wà láti ọjọ́ tó pẹ́ tó yìí. Ó ní mo pẹ́ dé, ó sì na ìka sí ìwé tó ń jáde lára ẹ̀rọ. Mo wò ó. Ìlà náà ń lọ tààrà, àfi ibì kan tó ti wú díẹ̀ bí ikùn ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹun tán. Aago kan ọ̀sán ni.

Làsísì, o ti mọ ohun tí mo fẹ́ sọ. Ní ọdún tí mo gbé Ìbídùnní níyàwó, ìlà Etí bẹ̀rẹ̀ sí í wú ní aago kan ọ̀sán lójoojúmọ́, àfi Sátidé àti Sọ́ńdè. Dókítà kò rí oorun sùn mọ́. Ó ní oòrùn ló ń fà á. Ó kọ̀wé sí àwọn ọ̀mọ̀wé ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lókè òkun pé nǹkan kan ń ṣẹlẹ̀ lójú sánmà wa tí kò ṣẹlẹ̀ níbòmíràn. Oṣù mẹ́rin gbáko la fi wá a. Làsísì tẹ́ ẹ ń wò yìí ló wá bi wá lọ́jọ́ kan, bó ti ń jẹ ẹ̀pà lọ, pé ṣé kì í ṣe ìyàwó Ọláìtán tó ń gbé oúnjẹ wá ni. Òun náà ni. Abọ́ onírin alájà mẹ́ta ni Ìbídùnní fi ń gbé oúnjẹ mi wá, á sì lọ dúró sí òjìji ẹ̀yìn ilé, ó ku pákó kan ṣoṣo láàárín òun àti Etí, á máa dè mí. Ẹ̀bà àti ọbẹ̀ ilá ló ń dà wá láàmú tá a ń kọ̀wé sókè òkun lé lórí. Ojú tì í débi pé ó sunkún. Láti ọjọ́ yẹn, igbá ló fi ń bo oúnjẹ mi wá, kò sì kọjá Òkúta Ìdúró mọ́, ìyẹn òkúta tá a rì mọ́lẹ̀ ní ọgọ́rùn-ún ìṣísẹ̀ sí ilé, níbi tí ẹni tó bá ní irin lára gbọ́dọ̀ dúró sí.

Òun ni ìlà náà tún wú fún nínú àlá yìí. Ó sì ti tó ọdún mọ́kànlá tí Ìbídùnní ti kú.

Dókítà ní, “Ọláìtán, ìyàwó rẹ rèé. Ọ̀rọ̀ kan ló ń sọ. Ariwo ni kò jẹ́ ká gbọ́ ọ.”

Ẹ jẹ́ n sọ ohun tí n kò sọ fún ẹnikẹ́ni rí, títí kan ọmọ mi. Nígbà tí àrùn rọpárọsẹ̀ mú Ìbídùnní, ohùn rẹ̀ ló kọ́kọ́ gbà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló lò ní ọsibítù tí kò sọ ọ̀rọ̀ kan. Ní ọ̀sán ọjọ́ tó máa kú, ó ṣàdédé la ojú, ó wò mí, ẹnu rẹ̀ sì mì. Ó sọ̀rọ̀. Mo rí i pé ó sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n jẹnẹrétọ̀ ń dún lẹ́yìn fèrèsé, mo tẹ etí mi mọ́ ẹnu rẹ̀, n kò gbọ́. Mo ti rí ìyà tó jẹ kó tó sọ ọ́, n kò lè ní kó tún un sọ. Ni mo bá mi orí fún un bí ẹni tó gbọ́. Ó pa ojú dé, kò sì là á mọ́. Èmi tí mo fi gbogbo ayé mi lé ariwo, ariwo ló gba ọ̀rọ̀ ìkẹyìn ìyàwó mi mọ́ mi lọ́wọ́. Láti ọdún mọ́kànlá ni mo ti ń bi ara mi pé kí ni mo gbà fún un yẹn. Bóyá ó ní kí n ṣe nǹkan kan tí n kò ṣe. Bóyá ó ń tọrọ àforíjì, tàbí ó ń dárí jì mí, mo kàn ń mi orí níbẹ̀ bí alángbá.

Ẹ wá rí i pé kì í ṣe eré ni mo bá dé ilé òòfà lóru àná. Mo bi Dókítà pé ìwé tó kù lára ẹ̀rọ tó mélòó. Ó ní kò ju ìwọ̀n apá kan lọ, bó bá sì tán, ó tán nìyẹn.

A bẹ̀rẹ̀ bí a ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀. Mo ní kí gbogbo irin ara mi jáde. Kọ́kọ́rọ́ ilé mi ní òun kò lọ, ó ní bí òun bá lọ, ta ni yóò ṣílẹ̀kùn fún mi tí mo bá délé. Mo ní ọmọ mi wà nílé. Ó rò ó wò, ó ní kò burú, ó bá ẹnu ọ̀nà jáde, ó ń sọ̀ kalẹ̀ nínú afẹ́fẹ́ bí ẹni ń sọ̀ lórí àkàbà. Aago ọwọ́ mi tẹ̀ lé e, ó ń kí gbogbo ẹyẹ tó bá pàdé, ó sì ń sọ aago tó lù fún wọn. Ìdè bẹ́líìtì kò jiyàn. Àwọn ìṣó mẹ́rin tó wà ní gìgísẹ̀ bàtà mi ló pẹ́ jù, torí wọ́n ní àwọn gbọ́dọ̀ dágbére fún awọ, àwọn ti jọ gbé pọ̀ fún ọdún mẹ́sàn-án. Mo dúró dè wọ́n. Dókítà na okùn ṣòkòtò kan sí mi kí tèmi má bàa já bọ́.

Ìlà náà fẹ́ẹ́ rọlẹ̀ nígbà tí ọ̀gá kan láti orílé-iṣẹ́ wọlé, ó ní òun wá yẹ iṣẹ́ wa wò. Báàjì irin ńlá kan wà láyà rẹ̀, ó tó àwo. Gègé Etí bẹ̀rẹ̀ sí í fò sókè fò sílẹ̀. Mo rọra bẹ̀ ẹ́ pé kó jọ̀wọ́ kó yọ ọ́. Ó ní báàjì yìí lòun fi ń jẹ́ ọ̀gá, bí òun bá yọ ọ́, kí ló máa kù? Dókítà ní kó yọ ọ́ ká wò ó. Ó yọ ọ́. Ohun tó kù jẹ́ òbúkọ.

N kò rí nǹkan burúkú nínú rẹ̀. Irùngbọ̀n rẹ̀ kò kúkú yí padà. Mo gbé àga fún un, mo ní, “Ẹ jókòó, sà.” Ó wo àga náà, ó jẹ tìmùtìmù orí rẹ̀. Nígbà tó jẹ ẹ́ tán, ó na ọrùn sí ẹ̀rọ, ó sì jẹ ìwé tó wà níbẹ̀, apá ibi tí ìlà Ìbídùnní ti wú gan-an. Mo fẹ́ gbá a létí, mo rántí pé ọ̀gá ni. Dókítà ní kí n má pariwo mọ́ ọn, ó ní ìwé ló jẹ, kò jẹ ọ̀rọ̀, ìyàwó mi ṣì ń sọ ọ́. Mo bá fi ọwọ́ nu ẹnu òbúkọ náà, mo sì kọ ọ́ sínú ìwé àkọsílẹ̀ ọjọ́ náà pé orílé-iṣẹ́ ti yẹ iṣẹ́ wa wò.

Bí mo ṣe gbójú sókè báyìí, ilé ìdáná wa àkọ́kọ́ la wà, èyí tó wà lẹ́yìn yàrá kan ṣoṣo tí èmi àti Ìbídùnní gbà nígbà tá a ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ra. Mo rí sítóòfù rẹ̀ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan gé, pẹ̀lú òkúta tí mo fi tì í. Mo rí ibi tí èéfín ti kun ògiri. Òórùn ẹ̀wà tó ń hó lórí iná gba inú mi, ọkàn mi sì fà sí ilé yẹn ju bí mo ṣe lè sọ lọ. Ilé tá a kọ́ lẹ́yìn náà tóbi jù ú lọ ní ìlọ́po mẹ́wàá, síbẹ̀ tí mo bá ní ọ̀nà, ibẹ̀ ni mo máa padà sí.

Táyé àti Kẹ́hìndé jókòó sórí àpótí. Kì í ṣe ènìyàn ni wọ́n, Etí méjì ni. Lẹ́nu iṣẹ́, nígbà tí títì dé ìtòsí wa, a ra Etí kejì, a gbé ọ̀kan sínú ilé, a gbé èkejì sí ìhà títì. Ohun tí àwọn méjèèjì bá jọ gbọ́, ariwo ni, a ó yọ ọ́ kúrò. Ohun tí ẹyọ kan bá dá gbọ́, òun là ń wá. Wọ́n gbọ́dọ̀ rí bákan náà nínú ohun gbogbo, bí ara ọ̀kan bá gbóná ju ti èkejì lọ, ọ̀rọ̀ wọn kò ní bára mu mọ́. Ìdí nìyẹn tá a fi sọ wọ́n ní orúkọ ìbejì. Nínú àlá, wọ́n wọ aṣọ àǹkárá kan náà, mo sì ń bu ẹ̀wà fún wọn. Táyé ń sunkún pé tòun gbóná jù. Mo fẹ́ atẹ́gùn sí i títí tó fi tutù bíi ti Kẹ́hìndé.

Jẹnẹrétọ̀ ọsibítù ló kanlẹ̀kùn. Ó wọlé, ọ́ìlì ń kán lára rẹ̀, ó sì kúnlẹ̀. Ó ní òun ló ń dún lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn. Ó ní wọ́n ní kóun máa dún ni, òun kò mọ̀ pé ẹnì kan ń sọ̀rọ̀. Ọdún mọ́kànlá ni mo ti ń bá jẹnẹrétọ̀ yìí ṣọ̀tá nínú ọkàn mi. Mo wá ìbínú náà, n kò rí i. Mo ní kó dìde, iṣẹ́ ẹni ni ẹni ń ṣe.

Ó ní, “Bàbá, ẹ jẹ́ kí n dún sétí Táyé dáadáa, kó lè mọ ohùn mi, kẹ́ ẹ lè yọ mí kúrò.”

Ó dún. Táyé ń ka ohun tó gbọ́: jẹnẹrétọ̀, ọkọ̀ eléépo kan, ẹnì kan tó já ṣíbí sílẹ̀. Kẹ́hìndé ń ka tirẹ̀: jẹnẹrétọ̀, ọkọ̀ eléépo kan, ẹnì kan tó já ṣíbí sílẹ̀, àti nǹkan kan lẹ́yìn wọn. Mo fagi lé èyí tó bára mu. Nǹkan tó kù náà kéré gan-an, ó dà bí ìgbà tí ẹnì kan bá fẹ́ sọ̀rọ̀ tó kọ́kọ́ mí. Mo mọ èémí náà. Ọdún mọ́kàndínlógójì ni mo fi sùn tì í.

Jẹnẹrétọ̀ dìde, ó dọ̀bálẹ̀ kí Dókítà, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Dókítà ní kò tíì tó. Ó ní ká jẹ́ kó máa tún un sọ. Mo bi í pé ṣé kò ní rẹ̀ ẹ́. Ó dáhùn bó ṣe ń dáhùn láyé, láìwo ojú mi. Ó ní, “Ariwo kì í sọ ọ̀rọ̀ kan náà lẹ́ẹ̀mejì. Ọ̀kan ṣoṣo ni ìyàwó rẹ ń sọ. Bá a bá kó ọgọ́rùn-ún rẹ̀ léra, ariwo á máa pa ara rẹ̀ jẹ, tìyàwó rẹ á máa dúró.”

Ni ilé ìdáná bá di gbọ̀ngàn ìdánwò. Ọgọ́rùn-ún èmi ló jókòó síbẹ̀, olúkúlùkù pẹ̀lú ìwé àti pẹ́ńsù. Èmi tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gba iṣẹ́ wà níbẹ̀, èmi tí mo ní mùsítáṣì wà níbẹ̀, èmi tí wọ́n fi ìgbéga dù wà níbẹ̀, ojú rẹ̀ ṣì le. Òbúkọ ni wọ́n fi ṣe alábòójútó, ó sì ṣe é dáadáa. Mo wá àyè jókòó, ni ọ̀dọ́kùnrin kan bá dìde fún mi, ó ní, “Ẹ jókòó, Bàbá.” Èmi ọmọ ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n ni, orí rẹ̀ kún fún irun, ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ ewé tí Ìbídùnní fọwọ́ ara rẹ̀ rán, èyí tí apá rẹ̀ kan gùn jù. Kò dá mi mọ̀. Mo fẹ́ sọ fún un pé kó má jókòó pẹ́ níbi iṣẹ́ mọ́, kó máa tètè lọ sílé, ilẹ̀ yìí kò ní sá lọ. Ṣùgbọ́n ìdánwò ti bẹ̀rẹ̀, wọ́n sì ní ká má sọ̀rọ̀. Ó dùn mí tí n kò lè sọ ọ́ fún un.

Olúkúlùkù kọ ohun tó gbọ́. Dókítà kó gbogbo ìwé náà léra kí alábòójútó tó lè dé ọ̀dọ̀ wọn, ó sì gbé wọn sókè sójú ìmọ́lẹ̀. Ìlà Ìbídùnní ti ga báyìí, ó fẹ́ẹ́ ṣeé kà. Ó ku ariwo kan ṣoṣo. Kì í ṣe ti títì, kì í ṣe ti jẹnẹrétọ̀. Ó ń lù kì, kì, kì, kò sì dáwọ́ dúró. Mo wo abẹ́ tábìlì. Mo wo etí òbúkọ. Dókítà bọ́ sọ́dọ̀ mi, ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé mi láyà.

Ó ní, “Ọkàn rẹ ni. Ọkàn ènìyàn ní òòfà tirẹ̀. Ìwọ lariwo tó kù.”

Mo bẹ̀ ẹ́. Mo ní n ó jókòó jẹ́ẹ́, mo di èémí mi mú, ọkàn náà tún wá ń lù kíkan sí i. Ó ní igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó wá, kí n bọ́ sílẹ̀, kí n lọ dúró níbi tí irin ń dúró sí. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí dé egungun. Mo ti rò pé bí gbogbo ariwo bá lọ tán, yóò ku èmi àti òun nìkan. Ṣùgbọ́n ìwé ń tán lọ. Mo di okùn mú, mo sọ̀ kalẹ̀, mo ka ìṣísẹ̀ mi dé ọgọ́rùn-ún, mo sì jókòó sórí Òkúta Ìdúró.

N kò jókòó síbẹ̀ rí láyé mi. Ìbídùnní ló máa ń jókòó síbẹ̀ tigbá-tigbá, kí n tó jáde wá. Oòrùn ibẹ̀ mú gan-an. Mo ronú iye ọ̀sán tó lò lórí òkúta yìí nígbà tí mo wà nínú òjìji tí mo ń sọ pé ó ku díẹ̀, ó ku díẹ̀.

Fèrèsé ṣí lókè. Dókítà yọ orí, ó fi ohùn tó fi máa ń ka ìròyìn òjò kà á.

“Ìbéèrè ni. Ó ní, ‘Ẹ ti jẹun?’”

Mo ní kó tún un kà. Ó tún un kà. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Láti àárọ̀ ọjọ́ tó ṣíwájú ọjọ́ ikú rẹ̀ ni n kò tíì fi nǹkan kan kan ẹnu. Ó ti rí i lójú mi. Ẹni tó ń kú lọ ló ń bèèrè lọ́wọ́ ẹni tó máa ṣẹ́ kù bóyá ó ti jẹun, mo sì mi orí fún un pé bẹ́ẹ̀ ni. Ìdáhùn gidi ni mo fún un, n kò mọ̀. Irọ́ sì ni. Irọ́ náà ló gbà tó fi pa ojú dé tó sinmi. Mo sunkún lórí òkúta yẹn, ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, mo sunkún bí n kò ṣe sunkún nígbà tá a sin ín, ó sì tù mí lára.

Dókítà tún pè mí. Ó ní ìwé kù bí ìka kan, kí ni kóun fi dá a lóhùn. Mo la ẹnu láti sọ òtítọ́ fún un, bí mo ṣe jí nìyẹn.

Ilẹ̀ ti mọ́. Fìkáyọ̀, ọmọ mi, ń lọ ata ní ilé ìdáná, ẹ̀rọ tó fi ń lọ̀ ọ́ ń ké ramúramù. Ó yọ orí síta, ó sọ nǹkan kan sí mi. N kò gbọ́. Ó ti di àṣà mi láti mi orí fún ọmọ yẹn, ọdún mélòó kan rèé, kó má bàa sọ pé mo ti darúgbó. Ọrùn mi ti ń lọ. Mo dá a dúró. Mo dìde, mo wọ sálúbàtà, mo rìn lọ sí ilé ìdáná, mo sì fọwọ́ ara mi pa ẹ̀rọ náà.

Mo ní, “Tún un sọ, ọmọ mi, n kò gbọ́ ọ.”

Ó wò mí bí ẹni pé ara mi kò yá. Ó ní, “Bàbá, mo ní ṣé ẹ ti lo oògùn yín.”

Oògùn náà wà lórí tábìlì láti àná, n kò fọwọ́ kàn án.

Mo ní, “Rárá. N kò tíì lò ó.”

Ó nu ọwọ́ rẹ̀, ó sì lọ bu omi wá fún mi.